Fleetwood Mac: Ta Ló Ni Orúkọ, Ta Ló Ni Orin?

Bí èèyàn mẹ́ta bá ń jiyàn lórí Fleetwood Mac, ó ṣeé ṣe kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jàre. Ọ̀kan á ní ẹgbẹ́ olórin blúùsì láti Lọ́ńdọ̀nù ni, ọkùnrin pọ́ńbélé, tí gìtá máa ń ké níbẹ̀ ju ohùn èèyàn lọ. Èkejì á ní kò rí bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ Kalifọ́níà ni, obìnrin méjì àti ọkùnrin kan ló ń dá orin, ìfẹ́ tó dàrú ni wọ́n sì ń fi kọrin. Ẹ̀kẹta, ọmọ ìsinsìnyí, á ní fídíò kan lórí TikTok lòun ti mọ̀ wọ́n ní 2020: ọkùnrin kan wà lórí pátákó onítáyà, ó ń yọ̀ lọ lójú títì, ó ń mu omi èso látẹnu ìgò, orin “Dreams” sì ń lọ lábẹ́ rẹ̀. Orin yẹn ti pé ọdún mẹ́tàlélógójì nígbà náà, ó sì tún padà sínú Hot 100 ti Billboard, ìyẹn àkójọ orin ọgọ́rùn-ún tó lókìkí jù ní Amẹ́ríkà.

Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ yìí rú ni pé ẹni tó dúró nídìí makirofóònù la sábà máa ń gbà pé ó ni ẹgbẹ́. Bó bá lọ, a ní ẹgbẹ́ ti tú. Fleetwood Mac kò rí bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Orúkọ onílù àti ti ẹni tó ń ta gìtá béèsì ni wọ́n fi pè é, àwọn méjèèjì kì í sì í ṣe olórin iwájú. Tí a bá di èyí mú, gbogbo wíwọlé àti jíjáde tó wà nínú ìtàn wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yé wa.

Bí orúkọ náà ṣe wáyé

Ọdún 1967 ni. Peter Green ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́ John Mayall tí wọ́n ń pè ní Bluesbreakers, ní ipò tí Eric Clapton fi sílẹ̀. John McVie ló ń ta béèsì níbẹ̀. Mick Fleetwood lu ìlù fún wọn fún ìgbà díẹ̀ kí Mayall tó lé e nítorí ọtí. Mayall fún Green ní àkókò ọ̀fẹ́ ní sítúdíò, Green sì kó àwọn méjì yìí wọ ibẹ̀ láti gba orin mélòó kan sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn orin náà kò ní ọ̀rọ̀, kò sì ní orúkọ, ló bá so orúkọ àwọn méjèèjì pọ̀ fi pè é.

Nígbà tí Green dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Oṣù Keje ọdún yẹn, orúkọ yẹn náà ló mú. Ó fẹ́ kí McVie wá, ṣùgbọ́n owó tó ń wọlé déédéé lọ́dọ̀ Mayall kò jẹ́ kí McVie tètè kúrò. Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ pani lẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà kọ́kọ́ gorí ìtàgé, ní Windsor, ní ọjọ́ kẹtàlá Oṣù Kẹjọ, Bob Brunning ló ń ta béèsì. Ẹni tí “Mac” inú orúkọ náà ń tọ́ka sí ṣì wà lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà ló tó yọjú.

Kí ló dé tí Green kò fi orúkọ ara rẹ̀ pe ẹgbẹ́? Òun ni wọ́n ń wá wò. Àwọn tó ń gbé rẹ́kọ́ọ̀dù wọn jáde gan-an fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ ṣáájú. Ohun tí Mick sọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni pé Green ti rò ó tẹ́lẹ̀ pé òun lè má pẹ́ níbẹ̀, ó sì fẹ́ kí nǹkan kan kù sọ́wọ́ onílù àti oníbéèsì lọ́jọ́ tí òun bá lọ.

Àwọn tó lọ

Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ yẹn kì í ṣe kékeré. Àwo wọn ti 1968 dé ipò kẹrin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. “Albatross”, orin tí ẹnikẹ́ni ò la ẹnu nínú rẹ̀, gba ipò kìn-ín-ní níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1969. Danny Kirwan, ọmọ ọdún méjìdínlógún, ti wọlé nígbà náà, gìtá mẹ́ta ló wá ń ké lẹ́ẹ̀kan náà: ti Green, ti Jeremy Spencer, ti Kirwan. Bí ẹ bá bi mí, èyí ni Fleetwood Mac tí mo fẹ́ràn jù, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe àlàyé.

Green ló kọ́kọ́ lọ, ní Oṣù Karùn-ún 1970. Oògùn LSD wà nínú ọ̀rọ̀ náà; owó náà wà níbẹ̀, nítorí ó ń sọ pé kí àwọn máa fi owó tó ń wọlé ta àwọn aláìní lọ́rẹ, àwọn yòókù kò sì gbà. Àìsàn ọpọlọ bá a fínra fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ní Oṣù Kejì 1971, ẹgbẹ́ náà wà ní Los Angeles, Spencer ní òun fẹ́ dé ilé ìtàwé kan. Kò padà. Ọjọ́ mélòó kan kọjá kí wọ́n tó rí i láàárín ìjọ kan tó ń jẹ́ Children of God, ó ní òun ò bá orin ṣe mọ́ pẹ̀lú wọn. Green fúnra rẹ̀ ni wọ́n sáré bẹ̀ kó wá bá wọn parí ìrìn àjò náà. Ní Oṣù Kẹjọ 1972, Kirwan fọ́ gìtá rẹ̀ nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n gorí ìtàgé, ó ní òun ò jáde. Àwọn yòókù lọ ṣeré náà láìsí i. Lẹ́yìn eré, wọ́n ní kó máa lọ.

Láàárín ọdún méjì àti oṣù díẹ̀, gbogbo gìtá mẹ́ta ti lọ. Ẹgbẹ́ mìíràn ì bá ti fọ́nká. Àwọn tó kù ni onílù, oníbéèsì, àti ìyàwó oníbéèsì: Christine Perfect, tó fẹ́ McVie ní 1968, tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, tó sì ń kọrin, ti wọ ẹgbẹ́ náà ní 1970. Bob Welch, ọmọ Amẹ́ríkà, wọlé ní 1971. Àwọn èèyàn sábà máa ń fo àárín yìí nítorí kò sí orin tó gba òkè níbẹ̀. Àárín yìí gan-an ni wọ́n ti rọra fi blúùsì sílẹ̀, tí ohùn Christine ń gòkè, tí orin wọn sì ń rọ̀. Ẹni tó bá fò láti ọ̀dọ̀ Green bọ́ sọ́dọ̀ Stevie Nicks, akọrin obìnrin tó wọlé lẹ́yìn náà, á rò pé ẹnì kan ló kàn lọ jí orúkọ náà gbé.

Ẹnì kan sì gbìyànjú rẹ̀ lóòótọ́.

Fleetwood Mac tí kò sí Fleetwood, tí kò sí Mac

Ní Oṣù Kẹwàá 1973, wọ́n wà lórí ìrìn àjò ní Amẹ́ríkà nígbà tí àṣírí tú pé Bob Weston, tó ń ta gìtá fún wọn nígbà náà, ń bá ìyàwó Mick ṣe ìfẹ́. Wọ́n lé e, wọ́n fagi lé àwọn eré tó kù, kálukú sì lọ sinmi. Máníjà wọn, Clifford Davis, ti tọ́jú ìwé àdéhùn sọ́wọ́. Ó ní òun lòun ni orúkọ Fleetwood Mac. Ó kó àwọn olórin mìíràn jọ, ó sì rán wọn lọ sí Amẹ́ríkà ní Oṣù Kìn-ín-ní 1974 kí wọ́n lọ máa ṣeré lábẹ́ orúkọ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí. Àwọn èèyàn ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti jókòó. Àwọn tó wá jáde sí wọn, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ohùn rẹ̀ tàbí gìtá rẹ̀ wà lórí rẹ́kọ́ọ̀dù Fleetwood Mac kankan: Mick kò sí níbẹ̀, John kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Christine, bẹ́ẹ̀ ni Welch. Àwọn olórin náà ní wọ́n ti sọ fún àwọn pé Mick ń bọ̀ wá bá àwọn lọ́nà. Mick ní òun ò bá ẹnikẹ́ni ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Àwọn òǹwòran fura, inú bí wọn, ìrìn àjò náà sì dàrú. Àwọn tí wọ́n kó jọ yìí padà di ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Stretch, wọ́n sì ní orin tó lókìkí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1975, tí wọ́n fi ń bi Mick léèrè pé kí ló dé tó fi ṣe àwọn bẹ́ẹ̀. Nítorí náà àwọn náà gbà pé wọ́n fi ìyà jẹ àwọn. Mi ò lè sọ pé wọn ò ní ẹjọ́ tiwọn.

Báwo ni ẹni tí kì í ta nǹkan kan tí kì í sì í kọrin ṣe lè sọ pé òun ló ni orúkọ ẹgbẹ́? Ìwé ni. Lójú òfin, orúkọ ẹgbẹ́ jẹ́ dúkìá tó ṣeé tà, tó ṣeé gbé fún ẹlòmíràn, kódà bó bá jẹ́ pé orúkọ àbísọ èèyàn méjì ló wà nínú rẹ̀. Ó jọ pé Mick àti John ti fọwọ́ sí àdéhùn tó gba ẹ̀tọ́ orúkọ náà lọ́wọ́ wọn láìfiyè sí i. Ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀, fún nǹkan bí ọdún kan ni iṣẹ́ wọn sì fi dúró. Ohun tó là wọ́n nígbà náà ni pé Bill Graham, òǹṣètò eré tí gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù ní Kalifọ́níà, kọ̀wé sí Warner Bros., ilé iṣẹ́ tó ń gbé rẹ́kọ́ọ̀dù wọn jáde, pé àwọn tó wà lọ́dọ̀ Mick ni ojúlówó. Ilé iṣẹ́ náà gbà, wọ́n sì tún lè ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù. Ẹgbẹ́ náà kó lọ sí Los Angeles ní 1974 láti wà nítòsí ilé iṣẹ́ wọn, Mick sì gba iṣẹ́ máníjà fúnra rẹ̀.

Èmi gbà pé ọdún 1974 yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn wọn, ju ọdún tí wọ́n gba òkìkí lọ. Ẹjọ́ ló lé wọn dé Kalifọ́níà, Kalifọ́níà ni wọ́n sì ti rí àwọn tó sọ wọ́n di ńlá.

Ohun mẹ́ta tí a sábà ń kó pọ̀

Tí a bá ń bèèrè pé ta ló ni ẹgbẹ́, ohun mẹ́ta la ń kó pọ̀ láìmọ̀. Orúkọ ni ọ̀kan, a ti rí ìyẹn.

Èkejì ni orin fúnra rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti ohùn tí ẹnì kan ronú jáde. Ibi yòówù kí ẹni náà lọ, owó orin náà ń tẹ̀ lé e, àyàfi tó bá ti tà á. Green ló kọ “Black Magic Woman”, Fleetwood Mac ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1968, ṣùgbọ́n Santana, ẹgbẹ́ olórin Amẹ́ríkà kan, ló gbé e dé etí gbogbo ayé ní 1970. Ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì rò pé ti Santana ni. Ọdún tí Green jáde nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an ni orin rẹ̀ ń lọ sókè lẹ́nu ẹlòmíràn. Ẹ̀kẹta ni ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní sítúdíò. Ilé iṣẹ́ tó náwó lé e ló sábà máa ń ní ìyẹn, tí á sì máa fún àwọn tó ṣe é ní ìpín.

Ẹ wá fi èyí wo Mick àti John. Wọ́n ní orúkọ, wọ́n ní ìpín nínú rẹ́kọ́ọ̀dù, wọ́n ń gba owó eré. Ṣùgbọ́n orin tí àwọn fúnra wọn kọ kò tó nǹkan. Ẹni tó kọ orin lè bínú jáde, orin rẹ̀ á ṣì máa bọ́ ọ. Onílù tó bá jáde, díẹ̀ ló ń tẹ̀ lé e. Láti 1967, gbogbo ẹni tó ń kọ orin fún ẹgbẹ́ yìí ló ti jáde níbẹ̀ rí ní ìgbà kan tàbí òmíràn. Onílù àti oníbéèsì kò jáde rí. Ìfẹ́ ẹgbẹ́ wà níbẹ̀, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n owó náà ní ìtumọ̀ tirẹ̀.

Èènì tó di ọjà gan-an

Ní ìparí 1974, Mick lọ wo Sound City, sítúdíò kan ní Van Nuys. Keith Olsen, tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, fi orin kan látinú àwo tí Lindsey Buckingham àti Stevie Nicks jọ ṣe tẹ́ ẹ létí, kó lè gbọ́ bí yàrá náà ṣe ń dún. Gìtá ni Mick gbọ́. Kò pẹ́ tí Welch fi ní òun ti ṣe tán, Mick sì rántí gìtá yẹn. Lindsey ní bí wọ́n bá fẹ́ òun, wọ́n gba Stevie mọ́ òun. Bó ṣe di pé obìnrin tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ Fleetwood Mac lónìí wọlé bí èènì nìyẹn.

Àwo tí àwọn márùn-ún yìí kọ́kọ́ ṣe jáde ní Oṣù Keje 1975, orúkọ ẹgbẹ́ nìkan ni wọ́n sì fún un. Ó lé ní ọdún kan kó tó gba ipò kìn-ín-ní ní Amẹ́ríkà, ní Oṣù Kẹsàn-án 1976. Ẹ má gbàgbé pé orúkọ kan náà ni àwo ti 1968 ń jẹ́. Àwo méjì, orúkọ kan, ẹgbẹ́ méjì tí kò jọra wọn: bí ẹ bá ti ra ọ̀kan rí tẹ́ ẹ gbọ́ ohun tẹ́ ẹ ò retí, ẹ̀bi yín kọ́.

Nígbà tí wọ́n wọ Record Plant, sítúdíò kan ní Sausalito ní Kalifọ́níà, ní ìbẹ̀rẹ̀ 1976 láti ṣe Rumours, John àti Christine ń kọ ara wọn sílẹ̀, Lindsey àti Stevie ti pínyà, ìgbéyàwó Mick náà ń tú. Inú yàrá kan náà ni gbogbo wọn sì ń bá ara wọn. Lindsey kọ “Go Your Own Way” nípa Stevie, Stevie sì ní láti ṣe ègbè rẹ̀. Stevie kọ “Dreams” nípa Lindsey, Lindsey ló ta gìtá rẹ̀. Christine kọ “You Make Loving Fun” nípa ọkùnrin tuntun tó ń fẹ́, ọkùnrin tó ń mójú tó iná orí ìtàgé fún wọn, ó sì sọ fún John pé ajá òun lòun ń kọ ọ́ fún. John ta béèsì rẹ̀, ó sì dùn.

Orin tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ni “The Chain”. Òun nìkan ló wà nínú àwo yẹn tí wọ́n kọ orúkọ àwọn márààrún sí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni ín. Àwọn orin tí kò parí ni wọ́n gé, tí wọ́n sì lẹ̀ pọ̀ lórí téépù. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta wọ inú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á pa lọ́lọ́. Béèsì John nìkan á wá yọ, wúwo, láìkánjú. Ìlù Mick á bọ́ sí i, gìtá Lindsey á sì ya wọlé. BBC fi ibẹ̀ ṣe orin ìbẹ̀rẹ̀ ètò eré ìje ọkọ̀ Formula 1 fún ọ̀pọ̀ ọdún, débi pé ẹni tí kò bìkítà nípa rọ́ọ̀kì mọ ọ́n. Ẹ mú ohùn àwọn mẹ́ta iwájú kúrò níbẹ̀, Fleetwood Mac lẹ ṣì máa gbọ́.

Rumours jáde ní Oṣù Kejì 1977. Ó lo ọ̀sẹ̀ 31 ní ipò kìn-ín-ní ní Amẹ́ríkà, ó gba Grammy fún àwo tó dára jù lọ nínú ọdún, ó sì ti tà ju mílíọ̀nù 40 lọ káàkiri ayé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe èyí tó tẹ̀ lé e, Lindsey kọ̀ láti tún irú rẹ̀ ṣe. Tusk ti 1979 jẹ́ àwo onílọ̀ọ́po méjì, orin 20, ó gba owó tó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là, ó ta mílíọ̀nù mẹ́rin, wọ́n sì pe ìyẹn ní ìkùnà.

Ibi tí agbára orúkọ mọ

Lindsey jáde ní 1987, nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò Tango in the Night. Èèyàn méjì, Billy Burnette àti Rick Vito, ni wọ́n fi dí àyè rẹ̀. Nígbà tó yá, Stevie náà lọ. Ní 1995 wọ́n gbé àwo kan jáde tó ń jẹ́ Time. Mick wà níbẹ̀, John wà níbẹ̀, Christine pàápàá wà níbẹ̀, Dave Mason àti Bekka Bramlett sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Orúkọ náà tọ́ lọ́nà òfin, ìlù àti béèsì jẹ́ ojúlówó. Àwo náà kò wọ inú igba àwo tó tà jù ní Amẹ́ríkà. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, àwọn márùn-ún ti Rumours kóra jọ, wọ́n gba eré kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní The Dance, ipò kìn-ín-ní ló sì bọ́ sí lọ́gán.

Ní 1998, Rock and Roll Hall of Fame, ilé ọlá àwọn olórin rọ́ọ̀kì ní Amẹ́ríkà, gba mẹ́jọ nínú wọn wọlé: Green, Spencer, Kirwan, Mick, John, Christine, Lindsey, Stevie. Wọn ò mú Bob Welch, tó dúró tì wọ́n láti 1971 títí dé ìparí 1974, tó sì bá wọn jà lórí orúkọ náà. Mi ò rí àwáwí kankan tó tó fún ìyẹn.

Christine jáde ní 1998 yẹn, ó padà ní 2014. Ní 2018, wọ́n ní kí Lindsey máa lọ; Mike Campbell, tó ti bá Tom Petty ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àti Neil Finn ti Crowded House ló wọlé. Lindsey gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, wọ́n sì yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn. Green kú ní 2020. Christine kú ní ọjọ́ 30 Oṣù Kọkànlá 2022, Stevie sì sọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e pé òun ò rí ìdí tí àwọn á fi máa bá a lọ láìsí i.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń wá àwo wọn, ọdún ni kí ẹ máa wò, kì í ṣe orúkọ. Ẹni tó bá fẹ́ gìtá Green, kó gbọ́ Then Play On ti 1969. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe rìn láti ibẹ̀ dé Kalifọ́níà, kó gbọ́ Bare Trees ti 1972, tí kò pọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn tó bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ gbọ́ ti 1975 ṣáájú Rumours, nítorí ibẹ̀ lẹ ti máa gbọ́ wọn nígbà tí wọ́n ṣì fẹ́ràn ara wọn. Tusk wà fún ẹni tó ní sùúrù. Ẹ lè jẹ́ kí Time gbẹ̀yìn.